Ẹni Tí Yóò Di Etí Kejì Mú

Ẹni méjì ní í ká aṣọ ìbùsùn tó bá fẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á dá a ká, ilẹ̀ ni yóò fi gbá. Màmá mọ èyí ju gbogbo ènìyàn tó kù nínú ilé náà lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dúró láàárín pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó di etí aṣọ funfun kan mú lọ́tùn-ún àti lósì, tó na ọwọ́ síwájú, tó ń dúró de ẹni tí yóò di etí kejì mú. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀. Àga ló wà níbẹ̀, àti ògiri, àti kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá.

"Fà á," ni ó wí fún àga. "Kí ló dé tí o kò fà á?"

Ọmọbìnrin rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àbíkẹ́yìn, jáde láti inú yàrá níbi tó ti ń di ẹrù ìyá rẹ̀ sínú báàgì. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a wúruwùru, ó jù ú sórí àga.

"Màmá, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan ṣe."

Ẹ má tíì pè é ní ọmọ burúkú. Ọmọ tó ń wẹ ìyá rẹ̀ láàárọ̀, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ nírọ̀lẹ́, tó tún ń sáré lọ ta bàtà ní ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láàárín méjèèjì, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe náà kò bi ọmọ òkété léèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Iyè Màmá ti ń rá, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ayé yìí sì ní ìwà kan tó ń bíni nínú. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun àgbàlagbà, wọn á wá kí i, wọn á mú ọsàn dání. Bí ojú bá ń dùn ún, wọn á wá kí i, wọn á tún júwe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rá, kí ó pe ẹnì kan ní orúkọ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ ó rí i bí bàtà àlejò á ṣe máa dín kù lẹ́nu ọ̀nà. Ní ilé yìí, àwọn ọmọ fúnra wọn ló kọ́kọ́ lé bàtà lọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà wá lọ́jọ́ kan, Màmá sì ń bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti sin tipẹ́. Ojú ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó sin àwọn obìnrin náà dé ìta, ó ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu mọ́ o. Wọn ò kúkú dá yín mọ̀ mọ́." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́, nítorí wọn kò wá mọ́.

Ọmọ ọkùnrin náà ló ń pe Àbíkẹ́yìn lórí fóònù báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní apá ibòmíràn nínú ìlú, òun ló sì ń bọ̀ wá gbé Màmá lọ sílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ṣé o ti di ẹrù wọn tán?"

"Ó kù díẹ̀."

"Bá mi ra àgádágodo kan sílẹ̀, èyí tó lágbára. Ti yàrá òkè yẹn ò dáa tó."

Àbíkẹ́yìn gbé báàgì sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn ni?"

"Ọ̀sán nìkan. Èmi wà ní ìsọ̀, ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́. Mo ti gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, fáànù wà, mo ti fi irin sójú fèrèsé kí wọ́n má baà já bọ́. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́?"

"Ènìyàn."

"Èwo nínú ènìyàn? Ìwọ? Ìwọ tó pè mí lọ́jọ́sí tó ò ń sunkún pé ọ̀gá rẹ ní o ti ń pẹ́ jù, pé bó o bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣẹ́ ti bọ́? Mo wá ojútùú, o tún ń fajú ro. Ó yá, mú tìẹ wá, mò ń gbọ́."

Kò ní tirẹ̀. Ó ní kó máa bọ̀, kó rọra wakọ̀. Ó gbé omi tíì kaná, ó wo Màmá tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń fi ọwọ́ na ìró tó wà lórí itan rẹ̀, ó ní òun á sáré ra ẹyin àti àgádágodo lẹ́nu títì, òun á padà kí omi tó hó. Kò ti ìlẹ̀kùn. Àgádágodo ló ń lọ rà, àbí kí ni ẹ ní kó fi tì í?

Nígbà tó padà, omi ti hó dànù, ó ti pa iná. Aṣọ funfun kò sí lórí àga. Sálúbàtà Màmá kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Màmá náà kò sí.

Ó wo yàrá, ó wo balùwẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilé. Ó bọ́ síta pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́ kan àti àgádágodo lọ́wọ́ kejì, ó dé ọ̀dọ̀ Ṣúmékà tó ń tún bàtà ṣe ní kọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí Màmá?"

"Wọ́n kọjá níbí báyìí," ni Ṣúmékà wí. "Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Mi ò tíì bímọ, ṣùgbọ́n mo ní wọ́n wà, wọ́n ń kí wọn. Aṣọ wà léjìká wọn, wọ́n ní àwọn ti ń pẹ́ débi iṣẹ́." Ó fi òòlù júwe. "Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n wọ̀." Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà lọ́wọ́ Àbíkẹ́yìn. "Àgádágodo gidi lẹ rà yẹn. Irú ẹ̀ ni mo ń wá fún àpótí mi. Gbogbo ayé ló ń yá òòlù mi láì sọ fún mi."

Àbíkẹ́yìn kò gbọ́ ti àpótí. Ilé tí ọkùnrin náà júwe ló ń wò. Ilé Ìyá Aláago ni.

Ìyá Aláago yìí, aago kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó bá ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Màmá. Ilé ìfọṣọ ọsibítù kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn wà ní kékeré, ó máa ń sáré lọ kí obìnrin náà nírọ̀lẹ́, ó sì máa ń gba bisikíìtì bọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, Màmá ti ibi iṣẹ́ dé, ó tú gèlè, ó ní, "Ẹ ò gbọ́dọ̀ kí obìnrin yẹn mọ́. Olófòófó ni." Ọmọ tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ kọ́, tí wọ́n tún ní kó má kí àgbà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìkíni náà máa ń há a lọ́fun. Nígbà tó yá, kò há a mọ́. Ó dàgbà, ó ríṣẹ́, ó sin bàbá rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tó wí fún Ìyá Aláago pé ẹ káàárọ̀. Bí òjò bá ká wọn mọ́ abẹ́ òrùlé kan náà, oníkálukú á máa wo títì. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Orúkọ tí ìjà yìí sì sọ obìnrin náà nínú ilé wọn ni Olófòófó.

Ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń wọ ilé ẹni tí a kì í kí? Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Màmá wà láàárín pálọ̀, ó di etí méjì aṣọ mú. Ìyá Aláago, obìnrin tó ti sanra rọ̀bọ̀tọ̀, di etí méjì kejì mú.

"Fà á," ni Màmá wí.

Ó fà á. Aṣọ náà nà gbọnrangandan. Wọ́n pa etí pọ̀, wọ́n rìn pàdé ara wọn, Ìyá Aláago fi etí tirẹ̀ lé Màmá lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ibi tó ká sílẹ̀, ó tún fà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì ohun tó kàn. Aṣọ náà di pelebe, ó gún régé. Màmá wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó sì tún un tú. Ó tún na etí méjì síwájú.

Ìyá Aláago kò sọ pé a ti ká a. Ó tún gbá a mú.

"Ká tètè kó ti okùn ẹ̀yìn wọlé," ni Màmá wí. "Òjò lè dé."

"Bí òjò ìjọ́sí," ni Ìyá Aláago wí, "tó dé bá wa nídìí oúnjẹ. Gbogbo wa sáré lọ kó aṣọ. Ká tó padà, adìẹ dókítà àgbà ti jẹ ìrẹsì wa tán."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tí kò ní ìrù yẹn. Ó jẹ ẹ́ títí kò lè rìn."

Àbíkẹ́yìn di igi fèrèsé mú. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, ó ti rò pé ó ti bá àwọn nǹkan yòókù lọ. Ó rántí òórùn ọṣẹ gbígbóná àti sítáàṣì tó máa ń wà lára ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n mú un dé ilé ìfọṣọ, tí ooru bo gbogbo fèrèsé, tí àwọn obìnrin tò sí méjì-méjì bí yàrá náà ṣe gùn tó, tí wọ́n ń kọrin, tí aṣọ funfun ń ká, tí wọ́n ń pàdé, tí wọ́n ń pínyà. Nígbà tí fèrè ìparí iṣẹ́ bá dún, ìyá rẹ̀ àti obìnrin yìí á di ọwọ́ ara wọn mú, ìka àwọn méjèèjì á ti hunjọ nítorí omi, wọn á máa rìn bọ̀ wálé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dùn ún pé òun ti gbàgbé ìyẹn, òun tí iyè òun ò rá.

"Ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni, tẹ́ ẹ fi mọ̀ nípa adìẹ?" ni Màmá béèrè.

"Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"N ò dá yín mọ̀. A pọ̀." Màmá pa etí aṣọ pọ̀. "Èmi ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, òun la jọ máa ń ká aṣọ. Abẹ́rẹ́ là ń pè é. Ó tín-ín-rín, atẹ́gùn lè gbé e lọ. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ìyá Aláago, tí àga máa ń ké bó bá jókòó, wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Mo mọ Abẹ́rẹ́ dáadáa."

"Mo ṣẹ̀ ẹ́." Màmá kò tíì jẹ́ kí aṣọ náà bọ́. "Wọ́n fi í ṣe ọ̀gá wa, inú sì bí mi. Mo dúró lójú gbogbo ènìyàn, mo ní òfófó ló fi gba ipò. Irọ́ ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹyin lohùn, ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí, bó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́."

Ìyá Aláago wo etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, ojú ló ń tì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ní mo ní kó má bínú."

Ìyá Aláago rìn sún mọ́ ọn. "Màá bá ọ jẹ́ ẹ," ni ó wí.

Níta, àgádágodo ti gbóná lọ́wọ́ Àbíkẹ́yìn. Olófòófó. Òun náà ti pè é bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun, ó ti fi rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọdún tó ti ń kọjá lára obìnrin yìí bí ẹni tí kò rí i, orí irọ́ ló ti ń rìn.

Kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe tí fèrè mọ́tò fi dún lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ti dé. Ṣúmékà ti júwe fún òun náà. Ó kọjá lára àbúrò rẹ̀, ó wọlé láì kí ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ẹ ó jẹ́ ká máa lọ."

Màmá wò ó. "Ta ni bàbá yìí?"

Ojú Ẹ̀gbọ́n yí padà. Ó di aṣọ náà mú láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá rò pé iṣẹ́ ló wá ṣe. Ó fa tirẹ̀ mọ́ra.

"Fà á dáadáa," ni ó wí. "Ọwọ́ rẹ ò le."

Ẹ̀gbọ́n tú aṣọ sílẹ̀. Ó kọjú sí Ìyá Aláago. "Ẹ̀yin, kí lẹ ń wá lára ìyá wa? Ẹ mọ̀ pé tórí wọn bá pé, wọn ò ní tẹ ilé yín."

"Òótọ́ lo sọ," ni Ìyá Aláago wí.

Àwọn ará àdúgbò ti ń kó jọ lójú fèrèsé. "Ṣé wọ́n ti wá ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni?" ni Ìyá Ẹlẹ́yin, tó ta ẹyin fún Àbíkẹ́yìn lẹ́nu títì, bi Ṣúmékà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló jọ. "Ìjà wo gan-an ni wọ́n jà?" Kò mọ̀, kó tó dé àdúgbò ni. Ìyá Ẹlẹ́yin náà kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti ń gbè sẹ́yìn Màmá.

Àbíkẹ́yìn gba àárín wọn kọjá. Ó wọlé, ó gbé ẹyin sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú Ìyá Aláago.

"Ẹ káàsán mà," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọdé ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ láì ronú. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé dákẹ́, kódà Ìyá Ẹlẹ́yin dákẹ́, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Ìyá Aláago wò ó títí. "Káàsán, ọmọ mi," ni ó wí níkẹyìn. "O ti dàgbà. Bisikíìtì ò sí nílé o."

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀ yẹn?" ni Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Àgbà ni mò ń kí. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n kí wọn." Omi ti gba ojú rẹ̀, kò nù ún.

Ìyá Aláago fà á dìde. Ó bi Ẹ̀gbọ́n pé, "Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Ilé mi."

"Ta ló wà nílé lọ́sàn-án?"

"Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀."

"Mo ní ta ni." Ó tọ́ka sí aṣọ ọwọ́ Màmá. "Ta ni yóò máa di etí kejì mú fún un?"

"Ẹ ò mọ wàhálà tó wà níbẹ̀, Ìyá." Ohùn Ẹ̀gbọ́n ti wálẹ̀. Ìyá ló pè é yẹn, ọ̀rọ̀ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kílẹ̀ tó ṣú."

"Èmi ò ní ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan."

Aago ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń dún.

"Àwọn ọmọ mi ń pè lórí fóònù," ni ó wí. "Wọ́n ń gbìyànjú. Àbíkẹ́yìn, máa mú un wá láàárọ̀ bó o bá ń lọ síbi iṣẹ́. Aṣọ pọ̀ nílé yìí. Bá a bá ká a tán, a ó tú u."

"Tí wọ́n bá wá jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n rántí ìjà yín ńkọ́?" ni Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"A ó jà nígbà náà. Ẹnìkan kì í dá ìjà jà. Ìyẹn náà, mo ṣáà rí èèyàn bá ṣe nǹkan."

Ṣúmékà rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, Ìyá Ẹlẹ́yin fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

Ìyá Aláago bu ìrẹsì. Ó bu ti Màmá, ó bu tirẹ̀, ó jókòó kọjú sí i. Àbíkẹ́yìn ti mú ṣíbí láti bọ́ ìyá rẹ̀, bó ṣe ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n Màmá ti mú ṣíbí tirẹ̀. Ó wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni yẹn bá bù, òun náà á bù. Ó ń jẹun fúnra rẹ̀. Ó tilẹ̀ bo àwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n ṣọ́ adìẹ. Ẹ̀gbọ́n wo àwo náà títí tó fi ṣófo, ó sì yíjú sí ògiri.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọnù ni," ni ó wí.

"A mọ̀," ni Àbíkẹ́yìn wí.

"Èmi ni mo ní káwọn ẹgbẹ́ àdúrà má wá mọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Màá padà lọ bá wọn."

Lẹ́yìn náà ló jáde lọ gbé báàgì tí Àbíkẹ́yìn dì padà sí yàrá Màmá. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn mú Màmá lọ́wọ́ láti máa lọ sílé, ó ya ọ̀dọ̀ Ṣúmékà, ó gbé àgádágodo lé orí àpótí rẹ̀.

"Fún èmi?" ni Ṣúmékà béèrè.

"Kí wọ́n yéé yá òòlù yín."

Ìyá Aláago ti jáde dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó padà lọ bá a.

"Ẹ̀yin, ṣé ẹ rí Abẹ́rẹ́?"

"Mo rí i. Mo jíṣẹ́ rẹ."

"Kí ló wí?"

Ìyá Aláago gbé ẹ̀yìn ti òpó. "Ó ní òun ti dárí jì ọ́. Ó ní kí ìwọ náà má bínú, ó yẹ kóun náà ti wá."

Màmá mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù. "Ọlọ́run ṣeun," ni ó wí. "Ọlọ́run ṣeun." Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mú òun lọ́wọ́. Wọ́n ti dé ẹnu géètì tiwọn kó tó tún dúró, tó tún yí padà, tó sì ń wo obìnrin tó sanra tó wà lẹ́nu ọ̀nà kejì bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ káàsán o," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rẹ́ kan. Abẹ́rẹ́ là ń pè é. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Àbíkẹ́yìn la ẹnu láti sọ pé Màmá, ẹ ti rán wọn. Ó pa á dé.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Aláago wí. "Ó ní kí o wá lọ́la."